Ọkọ Kì í Ṣe Arínúróde

Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ń fi oyè dá àwọn tó ti rẹ̀ lọ́lá ni, wọn ì bá ti já ewé oyè lé Mọ̀nsúrát lórí tipẹ́tipẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi oyè dá aláàárẹ̀ lọ́lá? Kíkí ni ayé ń kí i. Àwọn aládùúgbò ní Abraham Adésànyà Estate á yọjú lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ tàbí lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, wọ́n á wo ọkọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní, "Màmá, ẹ kú ìtọ́jú o. Ọlọ́run á ràn yín lọ́wọ́." Wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan rí. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ, ẹ kú ìtọ́jú kì í yí aláìsàn sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Akínlabí lorúkọ ọkọ náà. Ẹnjiníà inú ọkọ̀ ojú omi ni, ó lo ìgbà èwe rẹ̀ lórí òkun, ó sì lo ìwọ̀nba ọdún tó gbẹ̀yìn iṣẹ́ rẹ̀ ní èbúté ńlá tó wà ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kìí. Kò pẹ́ tó fẹ̀yìn tì ni ẹ̀gbà dá a wó lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ahọ́n wúwo, ìwé kíkọ pàápàá bá ahọ́n lọ. Etí rẹ̀ ń gbọ́ o, ọpọlọ rẹ̀ sì pé. Ọwọ́ òsì ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, orí sì lè sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ibẹ̀ ló parí sí.

Ṣùgbọ́n kó tó ṣubú, ó ti kọ ìwé kan parí sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ìwé ìrántí ìgbésí ayé rẹ̀ ni, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi kọ ọ́, torí pé àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ lórí omi ló ní lọ́kàn pé wọn yóò kà á. Akóredé, àkọ́bí wọn tó ń gbé ní Ìkátẹ̀, ló rí ìwé náà níbi tó ti ń wá nǹkan mìíràn. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, ó gbé e wá fún ìyá rẹ̀, ó gbé e ka orí tábìlì ìjẹun.

Ó ní, "Màámi, mo fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde fún ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún Dádì. Mo ti kà á tán. Ó dùn. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, wọ́n yìn yín gan-an. Ẹ sáà ní kí n máa gbé e lọ, àwọn atẹ̀wé ti ń dúró."

Mọ̀nsúrát ní, "Kò ní lọ ibì kankan. Màá kà á ná."

"Màámi, Gẹ̀ẹ́sì ni."

"Mo mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni. Ṣé àwòrán ni mo pè é ni?"

"Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín nígbà náà."

Mọ̀nsúrát wò ó bí ẹni pé ó sọ̀rọ̀ rírùn. Ọ̀rọ̀ tí ọkọ bá sọ nípa ìyàwó rẹ̀, ṣé ẹnu ọmọ ló yẹ kí ìyàwó ti gbọ́ ọ? Akóredé rí ojú yẹn, ó gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀, ó kí bàbá rẹ̀, ó lọ.

Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà kò le, ó kàn wúwo ni. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí Mọ̀nsúrát ti wà lọ́ọ̀dẹ̀ ọkùnrin yìí, orí omi ni ọkọ sì ti lo èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Òun ló tọ́ ọmọ. Òun ló dúró ti àwọn bíríkìlà nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé yìí, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ náà ni ìyá ọkọ rẹ̀ dákẹ́ sí lẹ́yìn àìsàn gígùn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó fẹ́ mọ̀ bóyá Akínlabí rí òun. Kì í ṣe bóyá ó fẹ́ràn òun, ìyẹn dá a lójú. Ṣé ó rí ohun tí òun rù? Kò lè bi í kó dáhùn mọ́, ẹnu ti pa dé. Ìwé yẹn ni ẹnu kan ṣoṣo tó kù. Bí ìwé bá fi hàn pé ó rí òun, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí gbogbo ayé kà á. Bí kò bá rí òun, kí ìwé jókòó sínú kọ̀ǹpútà títí ayé, kí Akóredé lọ ra kéèkì fún bàbá rẹ̀.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ilé ìwé Mọ́dà ni Mọ̀nsúrát kàwé mọ, aṣọ ọmọdé ló sì ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkátẹ̀ kí àìsàn ọkọ tó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà pa. Gẹ̀ẹ́sì tó kù sí i lára kò ju èyí tó wà lára ìgò oògùn lọ. Ó dá bẹ̀rẹ̀ ìwé náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Akínlabí sùn. Ó fi ìka tẹ̀lé ìlà àkọ́kọ́, ó fi ìka tẹ̀lé èkejì, ìgbà tó tún lajú, pépà ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́rẹ̀kẹ́, Akínlabí sì ti ń fi ọwọ́ òsì kan ògiri nínú yàrá. Bí ó ṣe ń pe ènìyàn nìyẹn.

Ló bá ránṣẹ́ sí Fèyíkẹ́. Oníbàárà rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní Ìkátẹ̀ ló bí ọmọbìnrin náà, ó ti wá di tíṣà lítíréṣọ̀ nílé ìwé girama aládàáni kan ní Ajah báyìí. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní ìsìn nírọ̀lẹ́, sùtánà ló máa ń wọ̀ wá sílé Mọ̀nsúrát, láìwọ bàtà, kó lè ti ibẹ̀ bọ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Òun náà á ti fi odidi ọjọ́ pariwo lé àwọn ọmọ olówó lórí, ohùn rẹ̀ á ti há. Àárẹ̀ wá bá àárẹ̀ lálejò.

Ìdí tábìlì ìjẹun ni wọ́n ń jókòó sí, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn yàrá Akínlabí sílẹ̀ gbayawu kí Mọ̀nsúrát lè gbọ́ bí ó bá kan ògiri. Èyí já sí pé gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ, etí ẹni tó kọ ìwé ni wọ́n ń sọ ọ́ sí. Ojú kọ́kọ́ ti Fèyíkẹ́, nígbà tó yá ó mọ́ ọn lára.

Ó ní, "Màmá, ká tó wọ inú ìwé, ẹ jẹ́ ká mọ orúkọ àwọn ohun tí a máa bá pàdé níbẹ̀."

"Tíṣà, mi ò fẹ́ ṣe ìdánwò o."

"Mo mọ̀, Màmá. Ṣùgbọ́n ìwé yìí gùn. Bí ẹ bá mọ ibi tí ẹ dúró sí nínú rẹ̀, kò ní tètè sú yín."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó kọ ìwé, òǹkọ̀wé. Ẹni tó ń fẹnu sọ ọ́ fún wa nínú ìwé, asọ̀tàn. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀, ẹ̀dá ìtàn, tí àwọn ọmọ iléèwé ń pè ní kárátà. Ẹni tí ìtàn dá lé lórí jù lọ, olú ẹ̀dá ìtàn. Ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, ibùdó ìtàn. Bí wọ́n bá bù mọ́ ọ̀rọ̀ kọjá bó ṣe rí, àsọrégèé.

Mọ̀nsúrát ní, "Dúró ná. Òǹkọ̀wé pẹ̀lú asọ̀tàn, kì í ṣe ẹnì kan náà ni?"

"Nínú irú ìwé yìí, ẹnì kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ rí i, Bàbá tó jókòó kọ ọ́ ti di àgbàlagbà. Bàbá tó wà nínú ìtàn, ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gun ọkọ̀ ni. Àgbà ló ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọdé."

"Ọmọdé yẹn ni mo fẹ́," ni Mọ̀nsúrát wí. "Ó lẹ́wà nígbà náà."

Wọ́n gbọ́ ìró kan láti inú yàrá, bí ẹni ń kọ́ díẹ̀díẹ̀. Akínlabí ń rẹ́rìn-ín ni.

Fèyíkẹ́ ní, "Ọ̀kan tún kù. Irú asọ̀tàn kan wà tí à ń pè ní arínúróde. Ohun tó wà nínú gbogbo ẹ̀dá ìtàn ló mọ̀, ohun tó wà níta náà ló mọ̀. Kò sí èrò tó pamọ́ fún un."

"Astaghfirullah. Ọlọ́run nìkan ni arínúróde."

"Nínú ìtàn àròsọ ni, Màmá."

"Ti Bàbá yìí ńkọ́?"

"Rárá o. Ẹni tó bá ń sọ ìtàn ara rẹ̀ kì í ṣe arínúróde. Ohun tí ojú rẹ̀ rí, èyí tí wọ́n sọ sí i létí, àfi ìyẹn ló lè sọ."

Mọ̀nsúrát ní ó ti yé òun. Àwa Yorùbá, bí a bá ti ní nǹkan yé wa, ká sáà máa lọ ni.

Ó ń kọ́ àwọn orúkọ náà sórí bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ilé. Bó ṣe ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni yóò máa ní ibùdó ìtàn, ibùdó ìtàn, bó ṣe ń po ògì ni yóò máa ní àsọrégèé. Ọjọ́ kan tó ń yí ọkọ rẹ̀ kúrò lápá kan sí èkejì, ẹ̀yìn ń dùn ún débi pé ó fi orí ti ògiri kó tó lè mí, ó ní, "Olú ẹ̀dá ìtàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra fúyẹ́ díẹ̀." Akínlabí fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó kù fún un rẹ́rìn-ín. Inú Mọ̀nsúrát dùn, inú sì tún bí i. Ta ló ń tọ́jú ènìyàn tán tó tún ń pa á lẹ́rìn-ín?

Wọ́n ka ìgbà ọmọdé rẹ̀ tán. Wọ́n ka bó ṣe wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́, wọ́n ka ẹ́ńjìnnì tó gbóná lójú agbami àti ìjì tó fẹ́ da ọkọ̀ dé. Mọ̀nsúrát kò gbádùn ìjì. Ó ń wá ara rẹ̀ ni. Ìgbéyàwó wọn dé, gbólóhùn kan ló gbà, èkejì rẹ̀ ti tún wà lórí omi. Ìgbà tó ṣe, wọ́n dé orí tí Akínlabí ti sọ̀rọ̀ Olúṣẹ́gun, kúùkù inú ọkọ̀, bó ṣe ń kọrin, bó ṣe mọ ọbẹ̀ ẹja sè nínú ìjì tí ìkòkò kò sì ní dà nù. Odidi orí ìwé kan.

Mọ̀nsúrát dá Fèyíkẹ́ dúró. Ó ní, "Kúùkù ló gba gbogbo èyí?"

"Ẹ̀dá ìtàn kékeré ni, Màmá."

"Bí kúùkù tó gba odidi orí kan bá jẹ́ ẹ̀dá ìtàn kékeré, kí ni wọ́n ń pe èmi? Ṣé kúùkù ló bí Akóredé fún un ni?"

Fèyíkẹ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín, ó ṣí ojú ewé tó kàn. Akínlabí pàápàá kò rẹ́rìn-ín nínú yàrá.

Akóredé kò jẹ́ kí fóònù sinmi. "Màámi, àwọn atẹ̀wé ń béèrè." Mọ̀nsúrát á ní kí wọ́n jókòó, ilé wọn ni wọ́n wà. Bí ó bá gbé fóònù sílẹ̀, á jókòó gẹ́lẹ́tẹ́ sí àga ilé ìdáná, á máa wo ògì tó ń hó. Ó ń bẹ̀rù ni. Ìwé ti lọ jìnnà, ojú ewé tó kù kò pọ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni òun kò tí ì rí ara rẹ̀. Ó máa ń rò ó pé bóyá kí òun sọ pé kí Akóredé máa gbé e lọ, kí òun má mọ̀. Àìmọ̀ náà ní ìsinmi tirẹ̀.

Ọjọ́ kan wà tí òun pẹ̀lú Fèyíkẹ́ sùn lọ lẹ́ẹ̀kan náà ní ìdí tábìlì. Tíṣà fi orí lé apá, Mọ̀nsúrát fi àgbọ̀n lé àyà. Akínlabí bẹ̀rẹ̀ sí í kan ògiri. Mọ̀nsúrát ta gìrì, ó sáré wọlé, ó gbé omi sí i lẹ́nu, kò mu. Ó fẹ́ yí i, Akínlabí mi orí pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọwọ́ òsì ló nà sí pálọ̀. Ìwé tí wọ́n dákẹ́ kíkà ló ń béèrè.

Mọ̀nsúrát ní, "Hẹn. Ẹni tó kọ ọ́ kò sùn, àwa tí a ń kà á là ń kú lọ." Ó padà sídìí tábìlì, ó gbá Fèyíkẹ́ léjìká pẹ̀lẹ́, wọ́n ń kà á lọ.

Ọjọ́rú kan ni wọ́n dé orí tí Akínlabí pè ní Ilé. Fèyíkẹ́ wọ sùtánà rẹ̀, ó ní òun kò ní pẹ́. Mọ̀nsúrát ní kó jẹ́ kí òun fúnra òun kà á lọ́jọ́ náà, kó máa ran òun lọ́wọ́ níbi tó bá le. Ó fi ìka sí ìlà, ó bẹ̀rẹ̀. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, Fèyíkẹ́ ń túmọ̀ èyí tó bá kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ohun tí ọkọ rẹ̀ kọ nìyí, bí àwọn méjèèjì ṣe tú u sí Yorùbá láàrin ara wọn:

"Mo padà dé láti orí omi. Èrò kún ilé. Ìyá mi ń ṣàìsàn nínú yàrá. Ọmọ kan wà lẹ́yìn ìyàwó mi, òmíràn di aṣọ rẹ̀ mú, ó sì ń dáná fún gbogbo wa. Mo bi í bóyá ó rẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní rárá. Bó ṣe rí nìyẹn títí di òní. Obìnrin tí kì í rẹ̀ ni. N kò rí i kí ó rẹ̀ ẹ́ rí."

Mọ̀nsúrát tún un kà. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀ tó ṣòro fún un.

Ó rántí ọjọ́ náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè wọ bàtà. Nígbà tí gbogbo ilé jẹun tán, ó wọ balùwẹ̀, ó da bọ́kẹ́ẹ̀tì dé, ó jókòó lé e, ó sì sunkún débi pé ó ki etí ìró bọnu kí ẹnikẹ́ni má gbọ́. Lẹ́yìn náà ló bọ́jú, ó jáde, ó gbé oúnjẹ fún àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ó ní, "Ìyìn ni Akóredé pe èyí?"

Fèyíkẹ́ ní, "Ìyìn ni lóòótọ́, Màmá. Ẹ lè pè é ní àsọrégèé."

"Kì í ṣe àsọrégèé. Ẹni tó ń sọ àsọrégèé mọ̀ pé òun ń bù mọ́ ọn ni. Eléyìí gbà á gbọ́. N kò rí i kí ó rẹ̀ ẹ́ rí. Ogójì ọdún ó lé! Kúùkù tó ń se ẹja, ó rí i pé ìkòkò rẹ̀ kò dà nù. Èmi, kò rí i. Pe Akóredé, ìwé yìí kò ní jáde. Irọ́ ló pa mọ́ mi."

Fèyíkẹ́ kò mú fóònù. Ó wo ilẹ̀kùn yàrá tó ṣí sílẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú sí mi. Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi àwọn ọmọ kíláàsì mi bí wọ́n bá ń bínú sí asọ̀tàn. Asọ̀tàn yìí kì í ṣe arínúróde. Níbo ló ti mọ ohun tó sọ? Ta ló sọ fún un?"

Mọ̀nsúrát wo pépà. Mo bi í bóyá ó rẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní rárá.

Ẹni tó ní rárá náà rèé tó jókòó sídìí tábìlì.

Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa. Wọ́n á gbé oúnjẹ fún àlejò tí ebi ń lu gbẹ̀du nínú rẹ̀, á ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun kúrò nílé ni. Wọ́n á bi ìyàwó ilé pé ṣé kò rẹ̀ ẹ́, á ní kí ló fẹ́ rẹ òun. Ẹni tó bèèrè mọ̀ pé irọ́ ni, ẹni tó dáhùn mọ̀ pé irọ́ ni, ilé á sì tòrò. Ọjọ́ tí Mọ̀nsúrát fẹ́ lọ sílé ọkọ, ìyá tó bí i ti fà á létí, ó ní àárẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ìyàwó lójú ará ilé ọkọ, a kì í dákẹ́ ká ṣìwí. Ìyá gbàgbé láti sọ ìyókù, pé ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Mọ̀nsúrát sì gba ẹ̀kọ́ náà dáadáa. Láti orí Akóredé títí dé orí àìsàn ìyá ọkọ, títí dé ọjọ́ tí ilé yìí parí, ìgbàkígbà tí Akínlabí bá bèèrè, èsì kan náà ni: rárá o, kò rẹ̀ mí.

Bó bá jẹ́ ọkùnrin mìíràn tó ń sùn sílé lójoojúmọ́, yóò mọ̀ pé èsì yẹn kì í ṣe èsì. Ṣùgbọ́n inú ẹ́ńjìnnì ni Akínlabí ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀. Lórí omi, bí wọ́n bá bi ọ́ pé ṣé ẹ́ńjìnnì ti gbóná, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lo máa sọ. Bí o bá fi ọ̀wọ̀ purọ́ níbẹ̀, gbogbo yín lẹ máa bá omi lọ. Ọkùnrin náà bèèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ bó ṣe ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ nídìí ẹ́ńjìnnì, ìyàwó ní kò rẹ òun, ó gbà bẹ́ẹ̀, ó sì gbé e sínú ìwé.

Inú tó ń bí Mọ̀nsúrát kò lọ. Ó kàn di méjì, ọ̀kan dojú kọ ọkọ, ọ̀kan dojú kọ òun fúnra rẹ̀, méjèèjì sì wúwo. Ó mú ojú ewé náà, ó dìde, ó di etí tábìlì mú kí orúnkún tó nà tán. Ó wọ yàrá.

Akínlabí ti kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Bàbá Akóredé, ẹ gbọ́ ohun tí mo kà."

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó rẹ̀ mí."

Ọ̀rọ̀ náà jáde tán, Mọ̀nsúrát dúró, bí ẹni pé ó ń retí kí ẹnì kan bá òun wí. Kò sí ẹni tó bá a wí. Ó ń bá a lọ.

"Ó rẹ̀ mí lọ́jọ́ tí ẹ kọ yìí. Balùwẹ̀ ni mo ti lọ sunkún. Ó rẹ̀ mí nígbà tí Ìyá ń ṣàìsàn. Ó rẹ̀ mí nígbà tí ẹ kọ̀wé wá láti ìlú òyìnbó pé kí n bá yín rí àwọn bíríkìlà, oyún oṣù méje sì wà nínú mi. Ó ń rẹ̀ mí báyìí bí mo ṣe dúró yìí. Mo ní kò rẹ̀ mí, mo purọ́ fún yín, ẹ̀bi mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ní ojú. Ẹnu mi purọ́, ẹsẹ̀ mi wú níwájú yín. Kí ló dé tó jẹ́ ẹnu mi nìkan lẹ gbọ́?"

Akínlabí ṣí ẹnu. Ohùn kan jáde tí kò di ọ̀rọ̀. Ó pa ẹnu dé, ó tún un ṣí, kò rí i ṣe, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ imú lọ sórí ìrọ̀rí. Mọ̀nsúrát fi etí ìró nù ún fún un. Iṣẹ́ ni ìyẹn náà.

Ó mú abọ́ pẹrẹsẹ tó fi ń gbé oúnjẹ fún un, ó tẹ́ ojú ewé náà lé e, ó fi ìka hàn án. "Ibí yìí. Ṣé kó wà bẹ́ẹ̀?"

Akínlabí mi orí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó tún un mì kó má baà ṣì í gbọ́.

Ó fi bírò sí i lọ́wọ́ òsì. Bírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Mọ̀nsúrát tún un fi sí i. Akínlabí fi gbogbo agbára fà á, ó fà á wọ́, ó pa gbólóhùn yẹn rẹ́, ó sì ṣèèṣì pa ìdajì èyí tó tẹ̀lé e rẹ́ pẹ̀lú. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀ nígbà tó ṣe tán.

Fèyíkẹ́ ti dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì rẹ̀ léjìká. Ó ní, "Màmá, kí ni ká wá kọ síbẹ̀?"

"Màá sọ bó ṣe rẹ̀ mí fún un, wàá kọ ọ́, á fi orí sọ bóyá kó wà bẹ́ẹ̀. Lọ sí ìsìn rẹ, Tíṣà. Sọ fún Akóredé kó ní kí àwọn atẹ̀wé rẹ̀ ní sùúrù."

Fèyíkẹ́ kúnlẹ̀ kí wọn, ó lọ. Wọ́n gbọ́ bó ṣe rọra pa gẹ́ètì dé.

Mọ̀nsúrát gbé abọ́ kúrò. Ó yẹ kí ó lọ ká aṣọ tó sá sẹ́yìn ilé, kí ó gbé ògì alẹ́ kaná, kí ó wá yí ọkọ rẹ̀ sápá kejì. Ó ń ronú èyí tí yóò kọ́kọ́ ṣe nígbà tó rí i pé Akínlabí ń fi gìgísẹ̀ òsì ti ara rẹ̀ sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, ó ń mí bí ẹni ń gun òkè. Ó sún mọ́ ògiri débi tó lè sún mọ́ ọn dé. Ó wá fi ọwọ́ òsì gbá ibi tó ṣófo lórí bẹ́ẹ̀dì.

Mọ̀nsúrát ní, "Omi ni?"

Ó mi orí.

"Kí n yí yín?"

Ó tún mi orí pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó tún gbá bẹ́ẹ̀dì, ó sì wo ìyàwó rẹ̀ láti ojú títí dé ẹsẹ̀. Ó pẹ́ lórí ẹsẹ̀.

Ìgbà yẹn ló yé e. Kó dùbúlẹ̀ ló ń wí. Kí Mọ̀nsúrát tó ronú, ẹnu rẹ̀ ti yára ju òun lọ, ó ti rẹ́rìn-ín, ó ti ní, "Rárá o, kò rẹ̀ mí."

Akínlabí kò mi orí, kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò ó ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí yóò gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ tí kò ní gbà á gbọ́.

Ó tún gbá bẹ́ẹ̀dì. Mọ̀nsúrát bọ́ sálúbàtà, ó dùbúlẹ̀.